Ọjọ́ Tí Mo Mu Epo Làrà ní Cheverly

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tí ojú mi rí ní Amẹ́ríkà, èyí tí mo rántí náà, mo máa ń bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó dé ibi tí mi ò ní rántí orúkọ ara mi mọ́. Ọjọ́ náà ni mo mu epo làrà ife kan gbáko nínú ilé ẹni tí wọ́n ní kí n wá tọ́jú, tí ẹni tí mò ń tọ́jú sì di ẹni tó ń tọ́jú mi.

Láàárín àwọn ọdún náíńtíìsì ni, nígbà tí ìjọba ológun ń fi ojú wa rí màbo nílé, tí ẹni tó bá rí físà gbà kì í wẹ̀yìn. Kí n tó kúrò n'Ìbàdàn, olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí. Mo ti fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán ayé fún àìmọye ọmọ, mo ní, "Ẹ wò ó, Ítálì nìyí, ó rí bíi bàtà." Ohun tí mo mọ̀ nípa Ítálì kò kọjá bàtà yẹn, àmọ́ ó dá mi lójú pé mo mọ Ítálì. Nígbà tí mo dé Maryland, kò sẹ́ni tó ń wá olùkọ́ jọ́gíráfì. Mo lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé, mo gba yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ mi ní Springdale, mo sì ń dúró kí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ pè mí.

Nígbà tí wọ́n pè, wọ́n ní bàbá Ítálì kan wà ní Cheverly tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, Livio lorúkọ rẹ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá náà ti lé èèyàn méjì lọ. Ọmọ wọn obìnrin, Carla, tó ń gbé ní Virginia, ti sọ fún ọ̀gá mi pé bí ẹni kẹta bá tún lọ, òun máa kó bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, òun á sì ta ilé náà. Bàbá ní tiwọn ti búra pé yàrá tí ìyàwó àwọn kú sí ni àwọn náà máa kú sí. Èmi wá ni ẹni kẹta. Bí mo bá tẹ́, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá nìyẹn. Mo ní kí ọ̀gá mi fọkàn balẹ̀, pé ọmọ Yorùbá ni mí, ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ kó bá mi.

Mo ronú dáadáa nípa aṣọ tí màá wọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, nǹkan máa ń ta síni lára: ọbẹ̀, oògùn, àti nǹkan mìíràn tí mi ò ní dárúkọ níbí. Mo bá ra ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, nítorí pé dúdú kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ṣòkòtò dúdú wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Bàtà dúdú gígùn tí wọ́n fi ń rìn nínú yìnyín, ẹ̀gbọ́n kan ní mọ́sálásí wa ló fi ta mí lọ́rẹ. Mo wo ara mi nínú dígí, mo ní èèyàn ti dúró. Mo dé Cheverly, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ti sọ fún mi pé etí bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, mo bá lọ dúró níwájú fèrèsé. Mo rí wọn lórí àga. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè gbọọrọ kí wọ́n lè rí mi.

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Bàbá fa kọ́tìnì dé, mo sì gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé: "No black! No black in my house!"

Mo dúró lórí koríko. Wọ́n ti kìlọ̀ irú rẹ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé, mo ní ó kúkú tètè dé. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lápò nígbà tí Carla, tó yẹ kó fi mí mọ bàbá rẹ̀, wa mọ́tò dé. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ló wí. "Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ni. Bàbá mi kì í fẹ́ rí ṣẹ́ẹ̀tì dúdú. Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mi ò lè wọ búláòsì dúdú wọlé."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò mọ̀. Wọn ò sọ fún wa rí."

Ó bá mi mú ṣẹ́ẹ̀tì bàbá kan wá, aláwọ̀ ewé, ó fún mi lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dé ọrùn ọwọ́ mi. Ìyẹn ni mo wọ̀ wọlé. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Mo ti múra tán láti bínú, n kò sì rí ẹni tí màá bí inú náà sí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìbínú tí a bá ti dì bí ẹrù, ó máa ń ṣòro láti tú.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tèmi ń dún bíi ti Ìbàdàn, tiwọn ń dún bíi ti Ítálì, àmọ́ Yorùbá ni màá fi sọ ọ́ fún yín. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ò ju pé ìlú kékeré kan ní àríwá Ítálì ni wọ́n ti wá, pé aránbàtà ni bàbá wọn, àti pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni àwọn fúnra wọn ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀ wá sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun. Mò ń dáná, mò ń fọ aṣọ, mò ń dì wọ́n mú lọ sí balùwẹ̀. Ó jọ pé nǹkan ti ń lọ dáadáa.

Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń gún mi lára. Kò sí "ẹ" nínú rẹ̀. "You" ni wọ́n ń pe ọba, "you" náà ni wọ́n ń pe ajá. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń bá bàbá sọ̀rọ̀, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé mò ń "o" àgbàlagbà tó bí mi dáadáa. Mo bá lọ yá ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èdè Ítálì ní láíbìrì, kí n lè kí wọn bó ṣe yẹ. Ìwé náà ní tí ó bá jẹ́ ẹnì kan, "tu" ni. Tí wọ́n bá pọ̀, "voi" ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ará ilé wa làwọn ará Ítálì yìí. Lóòótọ́, ìwé náà sọ pé "Lei" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn, àmọ́ ó tún sọ pé "Lei" kan náà ni wọ́n fi ń pe obìnrin tí kò sí níbẹ̀. Èmi tí èdè mi ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ẹ̀rù bà mí kí n má lọ pe bàbá ní ìyá. Mo pa Lei tì. Voi ni mo mú, nítorí pé ẹni tí a bá ń bọ̀wọ̀ fún, a kì í pè é bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọlé láàárọ̀, mo tẹríba dáadáa, mo ní, "Buongiorno, signore. Voi come state? Voi volete caffè?" Mo ti béèrè àlàáfíà wọn, mo ti fi kọfí lọ̀ wọ́n, mo wá ń dúró kí wọ́n yìn mí.

Bàbá gbé ife ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo kàn fẹ́ bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Ìwọ náà ti wá di ọ̀kan lára wọn," ni wọ́n wí. "Ní Cheverly níbí."

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Mo ṣàlàyé, mo fẹ̀sẹ̀ múlẹ̀ lórí àlàyé: mo ní nílé wa, ẹyọ ni ti ọmọdé, ọ̀pọ̀ ni ti àgbà. Bàbá tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn láti ibi tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Fáṣísì, àwọn apàṣẹwàá tó ń ṣèjọba Ítálì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, lẹ́nu ẹni tó gbé lábẹ́ wọn.

Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ìwé kan dé sí ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Lei mọ́, voi ni kí gbogbo èèyàn máa sọ. Ìjọba ti pinnu bí èèyàn ṣe máa pe aládùúgbò rẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?" ni mo bi wọ́n.

"A ò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Tí obìnrin kan bá wá ra sítáǹbù, mi ò ní bi í pé mélòó ló fẹ́. Màá ní, 'Mélòó ni yóò jẹ́ lónìí?' Òun náà á ní, 'Kó jẹ́ méjì.' Ọ̀gá wa, tí èrò bá pọ̀, voi ló máa ń pariwo káàkiri. Tá a bá ti ti ilẹ̀kùn, ó tún di Lei."

"Ṣé ẹ gba tiwọn gbọ́ ni?"

Bàbá gbé èjìká. "Kí là ń gbà gbọ́? A fẹ́ jẹun. A fẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́, a pàtẹ́wọ́. Àwọn kan pa á tọkàntọkàn o, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn, èèyàn dáadáa sì ni. Nígbà tí ogun dé ní Áfíríkà lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé mú òrùka ìgbéyàwó wọn wá fún ìjọba. Ìyá mi lọ ra òrùka gbàrọgùdù kan lọ́jà, ìyẹn ló jù sínú ìkòkò wọn. Ó wá sunkún lójú gbogbo ayé kí wọ́n má bàa fura. Ẹkún náà dùn débi pé wọ́n ní kó wá síwájú."

Mo rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń fọ abọ́, ẹ̀rín náà ti lọ lójú mi. Mo ti to ọmọ ilé ìwé sí ẹ̀bá títì rí n'Ìbàdàn, nínú oòrùn, kí wọ́n máa fi àsíá juwọ́ sí gómìnà ológun kan tí kò tilẹ̀ sọ gíláàsì mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá bi wá pé ṣé a gba tiwọn gbọ́, èjìká làwa náà máa gbé.

Láti ìgbà yẹn ni àárín wa ti ń gún. Bàbá ń pè mí ní Professore, èmi ò sì bá wọn jiyàn. Ibi tí ó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, ká ní mo ní ọgbọ́n.

Nígbà tó yá, bàbá ò jẹun mọ́. Inú wọn le, ìgbẹ́ kọ̀, wọ́n ń rù. Carla gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, ó ní ohùn náà ò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní òun máa mú obìnrin kan láti ilé ìtọ́jú arúgbó wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kó wá fi ojú ara rẹ̀ wo bàbá, tí wọ́n bá sì gbà pé apá ẹnì kan ò ká wọn mọ́ nílé, wọ́n máa mú wọn lọ. Bàbá gbọ́. Mo rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa ara tábìlì ìdáná bí ẹni tó ń dágbére. Ó dùn mí gan-an.

Mo pe Anti Sìdí, nọ́ọ̀sì ará Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Kettering, tí gbogbo àwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń sá tọ̀ lọ.

"Anti, bàbá yìí ò rí ìgbẹ́ yà mọ́ o. Wọ́n sì ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

"Àwọn medication tí wọ́n ń lò ló fà á," ni wọ́n wí. Mo gbọ́ ariwo ọsibítù lẹ́yìn wọn. "Pe doctor ẹ̀. Má fún un ní nǹkan kan tí wọn ò bá order ẹ̀, ṣó o gbọ́?"

"Mo ti pè. Wọ́n ní ó di next week."

"Ẹn, then you wait. Fún un lómi, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀."

"Anti mi, nígbà tá a wà ní kékeré, ṣebí epo làrà ni wọ́n ń fún wa."

"Castor oil? Tìẹ tún dáa. Màmá mi, tí long vac bá ti ń parí báyìí, gbogbo wa la máa tò síwájú wọn. Ẹni tó bá sá, wọ́n á di imú ẹ̀. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn nìyẹn, àbúrò. Ìwọ, Cheverly lo wà. Má lọ kó ara ẹ sí wàhálà. Mo ní patient, bye-bye."

Nínú gbogbo ohun tí Anti Sìdí sọ, castor oil nìkan ló wọ etí mi.

Bí Tọ́sìdeè ṣe mọ́, mo ra ìgò kan ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà. Mo bu epo náà sínú ife, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, mo gbé ìgò àti ife wá síwájú bàbá nínú pálọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ṣe yín lóore."

Bàbá wo ìgò náà. Wọ́n wo ife. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú wọn lọ. Èèyàn tí mo máa ń dì mú kó tó dìde, ó dìde fúnra rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn dé kọ̀rọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Èmi òmùgọ̀, mo rò pé bó ṣe máa ń rí lẹ́nu ni wọ́n ń sá fún. Ṣebí àwa náà sá fún un. Mò ń tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ife, mò ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tù wọ́n bí ẹni ń tu ọmọ: "Kò ní pẹ́, bàbá. Kíá ló máa tán."

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu díẹ̀. Ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níta?"

"Ta ni, sà?"

"Àwọn yòókù. Mélòó?"

"Kò sí àwọn yòókù, bàbá. Èmi nìkan ni."

N kò mọ ohun tí mo ṣe, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù tó wà lójú yẹn kì í ṣe ẹ̀rù oògùn kíkorò. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Nílé wa, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún ọ ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ pé kò sí ibi nínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò mí." Mo fẹ́ tọ́ ọ wò díẹ̀ ni. Àmọ́ ojú bàbá ò kúrò lára ife, mo sì rí i pé ìtọ́wò ò ní tó. Mo gbé e mì. Gbogbo rẹ̀ ni mo mu, mo sì dojú ife dé kí wọ́n rí i pé kò ṣẹ́ku nǹkan kan. N kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Bàbá bi mí pé, "Kí ló dé tó o fi mu ún?"

"Ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, sà. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Tí ẹ ò bá fẹ́, kò pọn dandan." Mo da èyí tó kù nínú ìgò sínú síǹkì, mo sì fi ìgò sílẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá padà sórí àga wọn.

Ẹni tó bá ti mu epo làrà rí mọ̀ pé kì í kánjú. Ó fi mí sílẹ̀ kí n gbálẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ kí n kírun ọ̀sán, àánú Ọlọ́run nìyẹn. Ibi tí mo ti ń ká ẹní ìrun ni inú mi ti ké. Mo sáré. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, mo sì di onílé níbẹ̀. Tí mo bá dìde, tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, inú á tún ní kí n padà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá àti ọ̀pá ìrìn wọn tí wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dúró síwájú ilẹ̀kùn.

"Professore, ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà, sà." Inú mi fi tirẹ̀ kún ìdáhùn náà, ó sì rinlẹ̀.

Mo gbọ́ ìró kan tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé yẹn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n rọra ti ife omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì lè wọlé, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn ni aago ẹnu ọ̀nà dún.

Mo gbọ́ tí bàbá lọ ṣílẹ̀kùn fúnra wọn. Mo gbọ́ ohùn Carla àti ohùn obìnrin kejì.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe lórí ìdúró? Níbo lẹni tó ń tọ́jú yín wà?"

"Ó wà ní ilé ìgbẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

Carla kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mò ń bọ̀ o," n kò sì lè bọ̀. Obìnrin kejì béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá kí wọ́n pe áḿbúláǹsì. Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Ẹ wo èmi tí mo fẹ́ kí wọ́n bá bàbá nínú ìlera, kí wọ́n rí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi.

Nígbà tí mo jáde, mo fara ti ògiri. Carla dúró láàárín pálọ̀, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé o fún bàbá mi ní castor oil? Ta ló ní kí o fún wọn?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ." Ó ti gbé fóònù láti pe ọ̀gá mi. Mo wo bàbá, mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn pé mo ti ba ilé wọn jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi.

"Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Carla," ni bàbá wí. "Kò fún mi. Jókòó, kí n sọ nǹkan kan fún ọ nípa bàbá-bàbá rẹ."

Wọ́n ní àwọn Fáṣísì ẹlẹ́wù dúdú ń yan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá àwọn lọ́jọ́ kan, wọ́n wọ bàtà gígùn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè gbọọrọ, ojú ọ̀nà ń yọ̀, ọ̀kan nínú wọn ṣubú sínú ẹrẹ̀. Bàbá àwọn rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín lásán ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá sílé. Àwọn kan dúró síta, àwọn kan wọlé. Wọ́n di bàbá náà mú lórí àga ìránbàtà rẹ̀, wọ́n da ìgò epo làrà sí i lẹ́nu, wọ́n ní yóò ṣe é lóore. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un rìn já ìgboro, títí inú rẹ̀ fi tú sí i lára, wọ́n wá fi í sílẹ̀ ní ìkángun ìlú kí ó máa dá rìn bọ̀ wálé.

"Ọmọdé ni mí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà," ni bàbá wí. "Bó ṣe ń bọ̀, àwọn aládùúgbò wa ń ti fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni o, àwọn tó ń rán bàtà fún. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló bà wọ́n, tàbí pé àánú ni, kó lè rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Ó wẹ̀, ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun. A ò sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní gbogbo ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú lọ yan. Ìyá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ tèmi, bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá mi de bọ́tìnnì rẹ̀. Mo sì yan dáadáa. Wọ́n yìn mí."

Carla ti jókòó sílẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n wí pé kí ni?" Bàbá fi ọ̀pá ìrìn wọn tọ́ka sí mi, èmi tí mo fara ti ògiri, tí mò ń bẹ inú mi pé kó mú sùúrù. "Àwọn tó wá sílé wa lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìkankan nínú wọn tó mu ún. Eléyìí rí i pé mi ò fẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì gbé e mu. Bí ó bá lọ, mo máa tẹ̀ lé ọ. Bí ó bá dúró, ilé mi ni mo wà."

Carla sunkún díẹ̀, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà pé ó wá, ó sì sìn ín dé ìdí mọ́tò. Nígbà tó padà wọlé, ó ní mo gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní fún bàbá ní ohunkóhun mọ́ láìgbọ́ tẹnu dókítà. Mo fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ náà, àmọ́ inú tún pè mí, láti ilé ìgbẹ́ ni mo ti jẹ́ ẹ. Ọ̀gá mi gbọ́ sí i, ó dá mi padà sí kíláàsì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé nínú ilé wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé, nínú yàrá tí wọ́n fẹ́. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo máa ń ronú nípa àwọn fèrèsé yẹn. Mo ti wà nínú mọ́tò kan rí lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí àwọn sójà mú ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú ẹrẹ̀, tí gbogbo àwa tó kù nínú mọ́tò sì tẹjú mọ́ orúnkún wa. Èmi náà ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí àánú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oore tí èèyàn gbé lọ́wọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é fún bóyá kò jọ ibi lójú tirẹ̀, tó bá sì ní rárá, kí a gbà. Àwọn ẹlòmíràn lọ sí yunifásítì lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìjọba apàṣẹwàá. Èmi olùkọ́ jọ́gíráfì, orí ìjókòó ilé ìgbẹ́ ni mo ti gboyè tèmi, mo sì jókòó pẹ́ kí wọ́n tó fún mi.